Ẹ Káàárọ̀ Ọ̀sán Gangan

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkẹ́rẹ́, láyé ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, gbogbo àdúgbò ló gbà pé ọmọ onígbèéraga ni mí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Bí mo bá ti jí, orúnkún mi méjèèjì á ti wú, wọ́n á sì gan. Ọmọbìnrin tí kò bá kúnlẹ̀ kí àgbà láàárọ̀, ta ni yóò yìn ín? Èmi á kàn dúró bí ẹni tó gbé odó mì, màá ní ẹ káàárọ̀.

Tó bá wá di ọ̀sán, ara mi á yọ́, màá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri. Ìyẹn ló bà mí lẹ́jọ́ jẹ́. Kí n lè tún orúkọ mi ṣe, màá lọ láti ojúlé dé ojúlé, màá kúnlẹ̀ fún wọn, màá kí wọn ní ẹ káàárọ̀ nígbà tí oòrùn ti wà ní àtàrí. Àwọn kan ní orí mi ti dàrú.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ti Èkó dé, ní pàṣán ló máa tú orúnkún mi. Ó ti gbé e sókè láàárọ̀ ọjọ́ kan kí ìyá bàbá mi, tí làkúrègbé ti ń bá fínra tipẹ́, tó fọwọ́ ba orúnkún mi. Ìyá àgbà tún fọwọ́ ba tirẹ̀.

“Mọ́ nà á o. Ó gbóná bíi tèmi. Gbé e lọ ọsibítù.”

Bàbá mi bá dókítà jiyàn pé ibo ni ọmọdé ti rí àìsàn àgbà. Dókítà fi sùúrù ṣàlàyé pé oríkèé ọmọdé náà máa ń wú, ara ọmọ ló ń bá oríkèé ara rẹ̀ jà. Kì í ṣe àkóràn, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ní yóò pẹ́ lára mi, ká má fi oògùn ṣeré kódà tó bá rọlẹ̀, kí n máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ láàárọ̀, kí n sì máa rìn dáadáa. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Wọ́n ti wá mọ̀ pé n kò purọ́.

Láti ìgbà náà, èmi àti ìyá àgbà la jọ ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ẹsẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, tí a jọ ń kérora bí ẹgbẹ́. Òun ló pàṣẹ fún gbogbo ilé pé kí n máa dúró kí wọn láàárọ̀, kí n sì kúnlẹ̀ lọ́sàn-án.

Ayé ti yí. Bí ọmọ kan bá dúró gbagidi kí mi láàárọ̀ lónìí, n kì í tètè bínú. Màá pè é mọ́ra, màá fọwọ́ ba orúnkún rẹ̀. Ó máa ń tutù, ó máa ń rọ̀, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ìgbà náà ni mo tó ń bínú.