Òkè Tí Ọmọ Mi Hun Sórí Páálí

Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ló dá a sílẹ̀. Ó ní kí gbogbo ọmọ ọdún mẹ́wàá sí méjìlá fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan wá fún ìkórè, nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí; ẹni tó bá ta yọ á gba ẹ̀bùn.

Òwú òfì ni mò ń tà ní Ìsẹ́yìn. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ṣa àjákù òwú lábẹ́ àtẹ mi. Ó gé etí páálí kan ní eyín-eyín bí ayùn, ó na òwú sí i lára, ó ń hun. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré.

Nígbà tó gbé e wá, mo ní, "Kí rèé? Ràkúnmí tó ru garawa?"

"Òkè Adó-Àwáyè ni, Màámi. Omi orí ẹ̀ nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kò bá mi rín in.

Kí n má purọ́, ojú ń tì mí. Ọmọ tíṣà, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba ló kún kíláàsì yẹn. Ọmọ olówùú wá fẹ́ gbé ohun wíwọ́ lọ síwájú wọn? Mo gbé òwú lọ bá ahunṣọ ẹ̀yìn ìsọ̀ mi pé kó bá mi hun òkè tó dúró dáadáa.

Ó ní, "Ìyá Olówùú, ẹ̀yin náà ti wọ kíláàsì ọmọdé ni?"

"Ṣé ẹnu ni mo ní kẹ́ ẹ fi hun ún ni?"

Ọjọ́ ìkórè, ọmọ tíṣà kan gbé ṣọ́ọ̀ṣì onípákó wá, ó gún régé bíi pé káfíńtà ló kàn án. Káfíńtà ló kúkú kàn án. Tiwa, èyí tí ahunṣọ hun, ló gba ipò kìíní.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ó yá, sọ bó o ṣe hun ún fáwọn ẹgbẹ́ ẹ."

Ọmọ mi wojú mi. "N ò mọ̀ ọ́n hun, Àǹtí."

Ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ọmọ onírẹ̀lẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Tèmi ló ròkè jù.

Nígbà tá a délé, ó gbé páálí pẹ́ńsùlù aláwọ̀ tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ lé mi nítan. "Ẹ̀bùn yín rèé, mà."

"Òkè tìẹ ńkọ́?"

Ó ti tú u. Ó ti ká òwú náà padà sínú igbá mi, pupa lọ́tọ̀, búlúù lọ́tọ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Báyìí, bí nọ́ọ̀sì bá ní kí wọ́n ya ohun tó wù wọ́n, ọmọ mi á ní, "Àǹtí, èwo ni ká wò yà?"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gé etí páálí tuntun fún un. Ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ ṣé, mà. Ó mú un lọ sídìí àdògán, ó fi ń fẹ́ná.