Àwọn Òrùlé Tí Bàbá Mi Ń Wò

Bàbá mi ní ọ̀nà tirẹ̀ láti fi mọ iṣẹ́ tí yóò lówó lórí lọ́la: òrùlé ló máa ń wò. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ilé koríko ṣì pọ̀ ní Ìlọ́bù, páànù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ ni. Iṣẹ́ tó bá ti fi páànù bo ilé ẹni tó ń ṣe é, iṣẹ́ gidi nìyẹn lójú Bàbá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ka ìwé mẹ́fà tán. Agbára Bàbá kò ká kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì ti là á yé e: “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa fà ọ́ lé ọ̀gá lọ́wọ́. Tó o bá ṣì í yàn, oko iṣu ń dúró dè ọ́.”

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, àwọn méjèèjì jáde lọ wo òrùlé. N kò sí níbẹ̀. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu. Ilé télọ̀, páànù ò dé ẹ̀yìn. Tíṣà, ilé onílé ló ń gbé. Ti dírẹ́bà lọ́rí ń dán yanran.

Bàbá ní, “O ò rí nǹkan? Dírẹ́bà ni ọ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Bàbá, ta ló ń kan gbogbo páànù yìí?”

Káfíńtà kan ní Ìfọ́n ni. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Koríko ni wọ́n fi bo ilé ọkùnrin náà, apá kan ti wó, ewúrẹ́ sì ń jẹ ẹ́.

Bàbá pariwo, “Ẹni tí ewúrẹ́ ń jẹ òrùlé rẹ̀ lo fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀?”

Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú, Bàbá. Ilé onílé ni mò ń kàn látìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Kí n tó ráyè kan tèmi, àfi kí wọ́n lé mi kúrò nílùú.”

Bàbá padà wálé, inú ẹ̀ ń dùn. “Gbogbo koríko tẹ́ ẹ rí látibí dé Ẹ̀rìn ló máa di páànù! Iṣẹ́ wo ló tún kù?”

Ìyá wa ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, kò gbójú sókè. “Koríko, gbogbo ìgbà là ń tún un bò. Páànù tẹ́ ẹ wí yìí, ọdún mélòó ló ń lò?”

“Háà, á pẹ́! Ó lè tó ogún ọdún.”

“Ó dáa. Tí ọmọ mi bá wá kan tìlú tán, kí ló máa jẹ lógún ọdún yẹn?”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi nìkan padà sí Ìfọ́n, ó dọ̀bálẹ̀, ó béèrè ohun mìíràn tí káfíńtà mọ̀ ọ́n ṣe.

“Àga, ilẹ̀kùn, fèrèsé. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè ìyẹn?”

“Ẹ kọ́ mi, sà. N ó máa bá yín gun òrùlé, n ó sì máa fìrọ̀lẹ́ kọ́ ìyẹn.”

Bó ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Kò pẹ́ tó gba òmìnira iṣẹ́ ni ìjọba ní kí gbogbo ọmọdé máa lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Kíláàsì tuntun ń yọ káàkiri, àwọn ọmọ kò sì rí ibi jókòó. Àga bẹ́ńṣì tó ń kàn fáwọn ilé ìwé yẹn ló fi kọ́lé.

Nígbà tí Ìyá darúgbó, mo bi í pé ta ló sọ fún un pé iṣẹ́ àga máa pọ̀.

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Èmi ò mọ ohun tó ń bọ̀. Èyí tó máa tán ni mo rí.”

Àga àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kàn ló jókòó lé tó fi ń sọ ọ́. Ẹsẹ̀ àga náà kan kúrú, òkúta pẹlẹbẹ kan ló wà lábẹ́ ẹ̀, Ìyá kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tún un ṣe.