Suliat Tí Ò Dárúkọ Ẹnikẹ́ni

Lọ́dún tí wọ́n ń fẹ títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ lójú, tí eruku ń kun irun gbogbo èèyàn ní pupa, ni wọ́n fi Suliat Ọláníyan ṣe olórí àwọn akọ̀ròyìn ilé-ìwé wọn ní Ìlasàn. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n fún ní báàjì! Ó kọ́ ọ sáyà, àyà ọ̀hún sì ń ṣíwájú ẹ̀ wọ kíláàsì. Ó rò pé kọmíṣánnà gan-an ti ń bẹ̀rù òun.

Nílé wọn ní Jakande, tí ìyá ẹ̀ bá fẹ́ bú aládùúgbò, orí bàkóní ló ń dúró sí: "Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o, àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n ń wẹ̀ tán, tí wọn ò ní fọ balùwẹ̀!" Kò sẹ́ni tó lè mú un. Suliat gbà pé òfin nìyẹn.

Bó ṣe dúró níwájú àsẹ́ńbìlì lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nìyẹn, tó fi gbogbo ọ̀fun kàròyìn: "A gbọ́ pé àǹtí kan tó ń ta bọ́ọ̀nsì ní géètì wa, tó ní eyín góòlù, tó ń jókòó sábẹ́ agboòrùn aláwọ̀ ewé, epo tó ti dúdú ló fi ń dín in. A ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Suliat tẹrí ba bí ìyàwó tuntun.

Ẹnikẹ́ni ò ra bọ́ọ̀nsì lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Àǹtí Afusat tó ń tà á gbé ọpọ́n tó kún dẹ́nu tọ Ọ̀gá Ọ̀ṣuntọ́lá lọ, tíṣà tó ń darí àwọn akọ̀ròyìn.

"Ọ̀gá, bọ́ọ̀nsì yìí ni mo fi ń tọ́ ọmọ. Tó bá jẹ́ kóòtù ni, ẹ jẹ́ ká lọ."

Tíṣà pe Suliat síwájú kíláàsì.

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, sà."

"Ó dáa. Ẹ̀yin kíláàsì! Eyín góòlù, agboòrùn aláwọ̀ ewé, bọ́ọ̀nsì. Ta ni?"

"Àǹtí Afusat!" Òrùlé fẹ́ẹ̀ ṣí.

"O gbọ́? Tí àwọn tó ń gbọ́ ẹ bá ti mọ ẹni náà, o ti dárúkọ ẹ̀ nìyẹn. Ṣé o fojú ẹ rí epo dúdú?"

"Mo ní 'a gbọ́ pé', sà."

"'A gbọ́ pé' ò ní bá ẹ dé kóòtù. Ọ̀rọ̀ tó ń ba èèyàn lórúkọ jẹ́, ẹni tó tún un sọ náà ti sọ ọ́. Ẹ̀rí dà?"

Gbogbo ẹ̀rí Suliat ò ju pé inú run ún lọ́jọ́ kan tó jẹ bọ́ọ̀nsì. Inú ọ̀hún náà, kó tó jẹ bọ́ọ̀nsì lọ́jọ́ yẹn, ó ti jókòó ti agbálùmọ̀ bí ewúrẹ́ tó já wọ oko. Ó jẹ́wọ́. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Sà, ṣé kí n rọra lọ bẹ̀ wọ́n ní géètì?"

"Ṣé géètì lo ti sọ ọ́? Ibi tó o ti pariwo ẹ̀ náà ni wàá ti tún un ṣe."

Ó di ọjọ́ Jímọ̀, Suliat tún dúró síwájú àsẹ́ńbìlì. "Àǹtí Afusat ni mò ń bá wí. Mi ò rí epo dúdú kankan, mi ò tiẹ̀ wo epo wọn. Agbálùmọ̀ ló jẹ́ kínú run mí. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú."

Nígbà bíréèkì, àwọn tó tò síwájú bọ́ọ̀nsì dé etí gọ́tà. Suliat wà lẹ́yìn pátápátá. Eyín góòlù kàn tàn yanran lábẹ́ agboòrùn.

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o," Àǹtí Afusat pariwo, "àmọ́ akọ̀ròyìn kan wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ọ̀kánjúwà agbálùmọ̀ ni!"

Gbogbo wọn yíjú wò ó. Suliat bọ́ báàjì ẹ̀ sápò. Ó wù ú kó ní òun ń lọ kóòtù, àmọ́ òótọ́ lọ̀rọ̀ ọ̀hún, ẹlẹ́rìí sì kún kíláàsì kan.