Ẹni tó Dá Súfèé Wa Lóhùn Lábẹ́ Igi Ìyeyè

Mi ò mu ẹmu, ibà kò sì mú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Bó bá wù yín, ẹ pè mí ní òpùrọ́. Wọ́n ti pe ìyá mi ní ohun tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú mi méjèèjì ló rí i, lọ́sàn-án gangan, kì í ṣe lójú àlá.

Tíṣà ni mí ní Ìrẹ̀lẹ̀ nígbà náà, ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Bàbá mi wà nílé ní Àyèká. Ọdẹ ni, bàbá ìjọ sì ni. Ìyá mi ò sí nílé. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti lé e padà sílé bàbá rẹ̀ ní Òde-Ayé.

Ohun tó fà á nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi Yẹmí, àkọ́bí wọn, bá Bàbá lọ sígbó ọdẹ, òkú rẹ̀ ni Bàbá gbé wálé, ó ti fi aṣọ dì í, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u wò. Bàbá ní ó ṣubú lé ìbọn ara rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Yẹmí àti Ìyá ti jà lórí ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́, gbogbo agboolé sì gbọ́. Kí ni ẹbí tún ń wá? Wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Bàbá jókòó níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù Ìyá síta. Kò la ẹnu.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àìsàn dá Ìyá dùbúlẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí mi pé òun ò fẹ́ kú ikú àjẹ́, kí n bá òun bẹ Bàbá kí òun lè padà sílé. Mo lọ, mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá ń nu ìbọn ṣakabùlà rẹ̀. Ó ti ṣèlérí àgbọ̀nrín fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì.

"Tẹ̀ lé mi lọ sígbó lọ́la," ó ní. "Tí a bá rí ẹran, a ó sọ ti ìyá rẹ."

Èdè Ìkálẹ̀ là ń sọ o, Yorùbá ìwé ni mo fi ń kọ ọ́ kí gbogbo yín lè gbọ́. Ẹran ló ṣáájú, ìyàwó tẹ̀ lé e. Inú bí mi, ṣùgbọ́n kí ni mo lè ṣe? Mo di púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwa, sínú ewé, mo sì tẹ̀ lé e.

Abẹ́ igi ìyeyè kan létí odò la ba sí, níbi tí àgbọ̀nrín ti máa ń wá jẹ èso tó bá já bọ́. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ibẹ̀ gan-an ni Yẹmí kú sí.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Lọ́dọ̀ wa, ọdẹ kì í yìnbọn sí igbó tó ń mì láìkọ́kọ́ súfèé. Bó bá jẹ́ ènìyàn ló wà níbẹ̀, á súfèé padà. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Kúkúrú méjì, gígùn kan ni tiwa, àwa mẹ́ta péré ló sì mọ̀ ọ́n: Bàbá, Yẹmí, èmi. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa, kó tó jẹ́ kí a fọwọ́ kan ìbọn rárá.

Oòrùn wà ní àtàrí. Ẹyẹ kò ké, ewé kò mì. Lójijì, igbó iwájú wa mì, ohun kan tó jọ awọ àgbọ̀nrín sì kọjá láàárín ewé. Bàbá gbé ìbọn séjìká.

"Bàbá, ẹ ò tíì súfèé," mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Dákẹ́. Á sá lọ."

Ìka rẹ̀ ti wà lórí ìbọn. Ni mo bá súfèé fúnra mi.

Wọ́n dá a padà. Kúkúrú méjì, gígùn kan. Gígùn náà ń jò níparí, nítorí eyín iwájú Yẹmí ti kán nídìí bọ́ọ̀lù, afẹ́fẹ́ sì máa ń gba ibẹ̀ jáde. Ẹ gbà mí gbọ́, súfèé Yẹmí ni.

Ó jáde wá. Ẹ̀wù kakí tó wọ̀ lọ sígbó lọ́jọ́ tó kú ló wà lọ́rùn rẹ̀. Kò wo Bàbá rárá. Èmi ló wò.

"Ìyá ńkọ́?"

Bó ṣe bi mí nìyẹn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Ó dúró de èsì mi títí, ó sì yí padà sínú igbó. Nígbà náà ni mo rí ẹ̀yìn ẹ̀wù náà. Ihò ọta ti lu ú já láti èjìká dé ìbàdí. Ẹni tó ṣubú lé ìbọn ara rẹ̀, ṣé ẹ̀yìn ni ọta ń gbà wọlé?

Nígbà tí mo máa fi wẹ̀yìn, Bàbá ti jókòó sílẹ̀, ìbọn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò súfèé lọ́jọ́ náà," ó ní. "Mo rò pé ẹran ni. Mi ò fẹ́ kó sá."

"Ẹ sì ń wò tí wọ́n fi lé Ìyá?"

Ó sunkún. Ó ní lọ́jọ́ ìkórè, òun á jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ìjọ. A wá ilẹ̀ ibẹ̀ fínnífínní kí a tó kúrò. A ò rí ẹsẹ̀ ènìyàn, a ò rí ti ẹran.

Ọjọ́ ìkórè pé. Bàbá ti ra àgbọ̀nrín lọ́wọ́ ọdẹ mìíràn, ó gbé e síwájú pẹpẹ, ó dìde, ó tún ọ̀fun ṣe. Ó ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa," ó sì jókòó.

Èmi náà ńkọ́? Iléèwé ìjọ ni mo ti ń ṣe tíṣà. Mo wo bàtà mi. Nígbà tí wọ́n gbé orin ọpẹ́, mo bá wọn kọ ọ́.

Ìyá kú kí ọdún náà tó parí. Òde-Ayé ni wọ́n sin ín sí, àwa mẹ́rin la tẹ̀ lé pósí. Bàbá kò wá. Òun gbó, ó tọ́, wọ́n lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì fún un lọ́jọ́ tó lọ. Mo kórìíra agogo yẹn títí di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọdẹ, ẹ súfèé. Bí ẹran yóò bá sá, ẹ jẹ́ kó sá. Bó bá sì jẹ́ pé òótọ́ kan wà lẹ́nu yín tó lè yọ ẹlòmíràn, ẹ sọ ọ́ nígbà tí onítọ̀hún ṣì lè gbọ́.

Igbó kékeré kan wà lẹ́yìn ilé mi ní Òkìtìpupa níbí. Lọ́sàn-án, tí gbogbo ilé bá pa rọ́rọ́, súfèé máa ń ti ibẹ̀ wá: kúkúrú méjì, gígùn kan tó ń jò. Ìyàwó mi ní kí n dá a lóhùn, bóyá ará àdúgbò kan ló ń wá mi. Mi ò dá a lóhùn rí. Mo mọ ohun tó fẹ́ bi mí.