Láti Ọ̀ọ́kán Ni Wọ́n Ti Ń Tẹ Bíréèkì

Bí iná bá lọ tí bátìrì kọ̀ǹpútà sì ké ní ọ́fíìsì wa, ọkàn mi á padà sí ilé wa ní Minna.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti fi ọdún mẹ́ta fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe géèmù kan, níbi tí ọkọ̀ ti ń lọ gúnlẹ̀ sórí òṣùpá. Bàbá wa, awakọ̀ rélùwéè, búra pé bí ọkọ̀ náà ò bá gúnlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, òun á ta kọ̀ǹpútà. Wákàtí méjì la fi jókòó nínú ooru, tí òṣùpá ń tóbi díẹ̀díẹ̀. Iná lọ. Bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Kai, Bọ̀dá, ẹ sáré!"

"Tí mo bá sáré, á fọ́. Láti ọ̀ọ́kán ni wọ́n ti ń tẹ bíréèkì, bí Bàbá ṣe máa ń sọ nípa ọkọ̀ ojú irin."

Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn kí ọkọ̀ náà tó gúnlẹ̀. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé ó ti pẹ́ tí Bàbá ò ti rí ọkọ̀ ojú irin wà mọ́.

"Bí iná bá dé," ni Bàbá sọ, "jẹ́ kí n wà á."