Fáyà Tó Ń Gba Ojú Fèrèsé Jáde

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí síbí, tí ẹ kàn ń tẹ nǹkan lára ògiri tí ilé á sì gbóná, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín ní ìgbà òtútù kejì tí mo lò ní Oxon Hill, ní Amẹ́ríkà níbí, nígbà tí gbogbo wa ṣì jọ ń gbé ilé alájà mẹ́ta yìí.

Dúpẹ́ ọmọ mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló mú mi wá. Á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó wọlé. Èmi nìkan ló ń kù, àfi tí Ìyá Rẹ̀mí bá sọ̀kalẹ̀ wá láti òkè. Orúnkún ń dùn ún, òtútù sì ń dá kún un. Rẹ̀mí ti ra ilé tuntun sí Brandywine. Ó ní tí yìnyín bá fi lè bọ́ kí wọ́n tó tún fèrèsé ìyá òun ṣe, òun á wá mú un lọ. Ìyá Rẹ̀mí ò fẹ́ lọ rárá.

“Ta ni mo mọ̀ ní Brandywine? Àgbọ̀nrín?” Bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Mo lọ bá máníjà ilé náà ní ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí àwọn fèrèsé tí òtútù ń gbà wọlé. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tí Dúpẹ́ gbàyè tẹ̀lé mi, ó ní kó túmọ̀ fún mi pé kì í ṣe fèrèsé ló ń jẹ iná, àwa ará Nàìjíríà ni. Ó ní tí òun bá ń wo ilé náà láti ìta, gbogbo gílóòbù ló máa ń tàn, yálà èèyàn wà nílé tàbí kò sí.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí pé òótọ́ ni.

Ẹ bi àwọn òbí yín. Nílé, tí iná bá lọ, a kì í pa súìṣì, ká lè mọ̀ nígbà tó bá dé. A gbé àṣà yẹn wọ ọkọ̀ òfurufú. A dé ibi tí iná kì í lọ, a tún fi súìṣì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, à ń retí iná tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n mo ṣiṣẹ́ pẹ́ nílé iṣẹ́ ahunṣọ ní Ìsọlọ̀, a sì daṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo mọ̀ pé àṣìṣe tìrẹ ni ọ̀gá máa kọ́kọ́ wá. Tí o bá pẹ́ débi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, òun ni yóò máa sọ títí ìpàdé á fi tú. Mo ní ká kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu máníjà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn.

Bàbá Tọ́lá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló ṣorí kunkun jù.

“Ìyá Dúpẹ́, iná Amẹ́ríkà kì í lọ. Kí ni mo fẹ́ pa á fún?”

“Ẹ pa á, kí máníjà lè rí nǹkan míì sọ.”

“Àṣé ẹ ti di òṣìṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná?”

“Tí mo bá dà á, tiyín ni màá kọ́kọ́ gé.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó pa ti yàrá. Ó ní ti balùwẹ̀ ni òun fi ń mọ̀nà. Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi pa ìyẹn náà.

Kò pẹ́ tí ilé wa fi ṣókùnkùn bíi ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ajé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Suitland ń yọ wáyà kúrò lára ògiri kí wọ́n tó jáde. A fi téèpù lẹ ọ̀rá mọ́ fèrèsé. Tó bá di ọ̀sán, a máa ń rẹ hítà yàrá wa sílẹ̀, àwa àgbà á sì kó jọ sí pálọ̀ mi, torí ibẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀. Ìyá Rẹ̀mí á máa ṣa ẹ̀wà. Bàbá Tọ́lá á máa ka Bíbélì fún wa, á sì sùn lọ sórí ẹsẹ kan náà lójoojúmọ́. A ò mọ̀ ju bí orí náà ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, òtútù ò lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gòkè, mo bá Ìyá Rẹ̀mí níwájú ófùn tó ṣí sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sí i. Mo gbọ́wọ́ sí etí fèrèsé, atẹ́gùn ń fẹ́ bí ẹni pé kò sí gíláàsì níbẹ̀. Mo gbé fóònù, mo pe nọ́ńbà pàjáwìrì ọ́fíìsì fúnra mi. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé iná ń ṣòfò, ó ń gba fèrèsé jáde. Iná, mo mọ òyìnbó rẹ̀.

“Fáyà,” mo ní. “Fáyà dè go aut fọ wíńdò.”

Obìnrin tó wà lórí fóònù béèrè nǹkan kan.

“Yẹ́ẹ̀sì. Ẹ́fírì wíńdò. Ẹ́fírì dé.”

Kí n tó dé ìsàlẹ̀, ọkọ̀ panápaná mẹ́ta ti dé. Bàbá Tọ́lá sáré jáde tòun ti sálúbàtà ẹsẹ̀ kan. Òun ni ọ̀gá wọn bi léèrè, ó sì yíjú sí mi.

“Ìyá Dúpẹ́, wọ́n ní níbo ni iná wà?”

“Ó ti jáde lọ. Ohun tí mo ń sọ fún wọn nìyẹn.”

Ọ̀gá náà ò bínú. Ó gòkè, ó gbọ́wọ́ síbi tí mo gbọ́wọ́ sí, ó rí ófùn. Ó wọ ọ̀dọ̀ èèyàn mẹ́rin míì nínú ilé wa, ó bá ófùn mẹ́ta ní ṣíṣí. Nígbà tí máníjà dé, ọ̀gá náà sọ fún un lójú wa pé ẹni tó bá ń fi ófùn yáná á dá iná gidi sílẹ̀ nílé náà lọ́jọ́ kan. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n pààrọ̀ àwọn fèrèsé náà. Máníjà gbójú sókè wo gílóòbù wa. Kò sí èyí tó ń tàn.

Fèrèsé tuntun dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n yìnyín ṣáájú rẹ̀. Rẹ̀mí sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Ìyá Rẹ̀mí wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, ó pa súìṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. “Mo ti pa á o, Ìyá Dúpẹ́.” Ọwọ́ mi ló dì mú sọ̀kalẹ̀.

Ilé wa gbóná báyìí. Hítà tí kì í sinmi tẹ́lẹ̀ ti ń sinmi. Ohun tí a jà fún nìyẹn, mi ò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Tọ́lá jókòó sílé tirẹ̀, èmi náà jókòó sí tèmi, kò sẹ́ni tí òtútù ń lé wá sọ́dọ̀ ẹnì kankan mọ́. Mi ò tíì mọ bí orí Bíbélì yẹn ṣe parí.

Ilé kejì tó wà lẹ́yìn ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, ti onílé kan náà, wọn ò fọwọ́ kàn án. Táwẹ́lì tí wọ́n fi ń dí òtútù ṣì wà létí fèrèsé wọn. Nígbà tí tiwa dára, a ò padà lọ bá wọn. Ẹ̀bi wa nìyẹn.

Mo sọ fún Ìyá Rẹ̀mí lórí fóònù láná pé màá lọ kan ilẹ̀kùn wọn lọ́jọ́ Sátidé, ká tún bẹ̀rẹ̀ látorí súìṣì.

“Ó dáa,” ó ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fáyà o.”

Mo ní tí àwọn ará ọ́fíìsì ò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tó kù, màá sọ ọ́.