Káfíńtà Tó Kú Láàárín Yàrá Méjì

Káfíńtà àdúgbò wa ti kú, orí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn ojú ló kú sí. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀. Ẹsẹ̀ wo? Ọkùnrin tó ń gun òrùlé láti ìgbà èwe, tí kò já bọ́ rí! Àìríran ló pa á, àwọn tó yẹ kó tọ́jú ojú náà sì wà láyé, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sùn.

"Ó-Wọ́" là ń pè é. Bó bá gbé pákó, á di ojú kan, á fi èkejì tọ etí pákó náà lọ, á ní, "Ó wọ́." Ìgbà tí ìyàwó mi gbé ọmọ tuntun jáde, ó di ojú kan, ó wo imú ọmọ náà, ó ní, "Èyí tọ́. Kò jọ ti bàbá rẹ̀." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ìṣó ló kọ́kọ́ fọ́ ojú òsì rẹ̀. Ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo. Nígbà tí awọ ẹ̀yìn èyí náà ṣí, àwọn dókítà yàrá ìsàlẹ̀ nílé ìwòsàn náà, tó ń tọ́jú awọ ẹ̀yìn ojú, ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n lẹ̀ ẹ́ padà, wọ́n da irú òróró kan sínú ojú kó lè di awọ náà mú. Iṣẹ́ ńlá ni, a ò ní purọ́. Ó ríran, ó padà sídìí pákó. Ṣùgbọ́n òróró tó yẹ kí wọ́n fà jáde, wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Omi inú ojú kò ríbi gbà jáde mọ́, ojú le bí òkúta, àìsàn tí wọ́n ń pè ní glọkómà dé, tó ń jẹ ìríran díẹ̀díẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń kán sí i kò ran nǹkan kan.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń fà á lọ́wọ́ kiri. Yàrá ìsàlẹ̀ ní, "Awọ ti lẹ̀, iṣẹ́ tiwa yọrí sí rere. Ẹ gòkè." Yàrá òkè, tó ń tọ́jú glọkómà, ní, "Àǹtí, iṣẹ́ abẹ àtijọ́ ti sọ ojú bàbá di àpá. Rọ́bà tín-ín-rín la máa fi la ọ̀nà fún omi, àmọ́ òróró yẹn á dí i. Kí wọ́n kọ́kọ́ fà á nísàlẹ̀." Ìsàlẹ̀ ní báwọn bá fà á, awọ lè tún ṣí, kí òkè kọ́kọ́ mú ojú náà rọ̀.

Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ fún ara wọn? Àbí ẹsẹ̀ dókítà kì í gun àtẹ̀gùn ni? Afọ́jú lẹ wá ń rán níṣẹ́!

Lọ́jọ́ tó kú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n tún gòkè ni, ó ní, "Ọmọ mi, ìmọ́lẹ̀ tó kù kò ju ti ihò kọ́kọ́rọ́ lọ. Jẹ́ n tètè lọ bẹ̀ wọ́n kó tó kú tán." Ọmọ ní kó dúró, kóun bomi wá fún un. Kò lè dúró, ó dá gun àtẹ̀gùn náà lọ.

Ilé ìwòsàn pè é ní jàǹbá. Wọ́n ti kun etí àtẹ̀gùn ní ọ̀dà funfun, kí àwọn tí kò ríran lè máa rí i. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò wá mọ́.

Mi ò fẹ́ ìgbìmọ̀ kankan. Kí olórí yàrá méjèèjì jáde síwájú ọmọ rẹ̀, kí wọ́n sọ ẹni tí ojú yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo débẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ìyá kan wà lórí bẹ́ǹṣì, òróró ṣì wà lójú tirẹ̀ náà, wọ́n ní kó gòkè. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kó má lọ. Dókítà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀ wá.